Ìtọ̀ Kọ́ Ni Omi Kànga Yẹn: Ọ̀rọ̀ Sí Ẹ̀yin Ìyá àti Ìyá-Àgbà

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ kékeré wà lọ́wọ́ yín.

Ohùn kan wà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri lórí WhatsApp. Ọ̀nà mẹ́ta ló gbà dé orí fóònù tèmi, àwọn ìyá ìjọ wa níbí ní Ṣàgámù sì wà lára àwọn tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní kí ènìyàn máa bu ìtọ̀ ara rẹ̀ mu láàárọ̀ kùtù, kó tó fẹnu kan nǹkan kan. Ó ní ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo jẹjẹrẹ. Ó wá fi Bíbélì tì í lẹ́yìn: Òwe 5:15, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ omi inú kànga ẹni.

Màmá kan dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Wọ́n ní, "Dádì wa, ṣé òótọ́ ni? Torí mo ti pa oògùn ṣúgà mi tì láti ọ̀sẹ̀ méjì." Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí wọ́n lọ rí dọ́kítà wọn láìjáfara, ẹnì kan sì sìn wọ́n lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àmọ́ ìbéèrè wọn yẹ fún ìdáhùn gidi, nítorí Bíbélì ni wọ́n fi mú wọn.

Ẹ jẹ́ ká lọ kà á. Òwe orí 5 láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ àgbèrè ni. Bàbá kan ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ kó má bá obìnrin obìnrin kiri. Nígbà tó dé ẹsẹ 15, ó pa á lówe: ìyàwó ilé ẹni ni kànga. Ẹsẹ 18 sì tú òwe náà fúnra rẹ̀, ó dárúkọ aya ìgbà èwe. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Kò sí ìtọ̀ níbẹ̀ rárá.

Ibi tí Bíbélì ti dárúkọ mímu ìtọ̀ ní gbangba ni 2 Àwọn Ọba 18:27 àti Àìsáyà 36:12. Ta ló sọ ọ́? Ìránṣẹ́ ọba Asíríà ni, tó dúró lẹ́yìn odi Jerúsálẹ́mù, tó ń halẹ̀ mọ́ àwọn ará ìlú pé ìyà yóò jẹ wọ́n débi tí wọn yóò máa mu ìtọ̀ ara wọn. Ohun tí ọ̀tá fi ń halẹ̀ mọ́ àwọn ènìyàn Ọlọ́run, báwo la ṣe sọ ọ́ di àṣẹ Olúwa?

Ìtumọ̀ yìí kò tilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wa wá. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, John Armstrong, ló fi ẹsẹ yẹn ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó sì tẹ ìwé The Water of Life jáde ní 1944. Àwọn mìíràn a tún máa dárúkọ Morarji Desai, olórí ìjọba Íńdíà láti 1977 sí 1979, tó sọ fún gbogbo ayé pé òun ń mu ìtọ̀ òun. Ọmọ ọdún 99 ni nígbà tó kú ní 1995. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn kì í jẹ ẹran, kì í mu ọtí. Ní Rẹ́mọ níbí, a ní àwọn bàbá tó ti lé ní 90 tí wọ́n ti ń jẹ obì gbànja láti kékeré. Ṣé ká wá sọ pé gbànja ló ń fúnni lẹ́mìí gígùn?

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run. Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa tọ̀sán tòru. Èyí tí ara nílò, wọ́n á dá a padà. Èyí tó pọ̀ jù tàbí tó ti di ìdọ̀tí, wọ́n á tì í sínú ìtọ̀. Tí a bá pín ìtọ̀ sí ọ̀nà 100, bí 95 nínú rẹ̀ jẹ́ omi. Ìyókù ni iyọ̀ àti ìdọ̀tí. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ni ara rẹ̀ ń lé síta, ibẹ̀ ni àìsàn náà ti gba orúkọ. Tó bá wá bù ú mu, kí ló dá padà sílé? Àwọn kan ní àwọn tó ń lọ sójú òfuurufú ń mu tiwọn. Rárá o. Ẹ̀rọ ló ń yọ omi mímọ́ jáde nínú rẹ̀, omi yẹn ni wọ́n ń mu.

Àgbàlagbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ bu ife, ó kéré tán, òun ló yàn án. Ohun tó ń dùn mí jù ni ti ọmọdé tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Nítorí àwa náà ní tiwa tó ti wà kí WhatsApp tó dé: àgbo ìtọ̀ màlúù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Mákùn, ní Ọ̀fin, ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ mọ ìgò yẹn. Ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, efinrin, aáyù, àlùbọ́sà, iyọ̀. Tí gìrì bá mú ọmọ, wọ́n á fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀, wọ́n á dà á sí i. Ní 1983, Oyèbọ́lá, onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tẹ àyẹ̀wò jáde lórí àgbo yìí: ohun tó wà nínú rẹ̀, àti ọ̀nà tó ń gbà pani. Oró inú ewé tábà lè mú kí èémí ọmọ máa kú lọ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ á já wálẹ̀, ọpọlọ kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Àwọn nǹkan wọ̀nyí fúnra wọn ń fa gìrì! Ẹ̀yin á ní àìsàn náà ti le sí i, ẹ ó tún da àgbo sí i, bẹ́ẹ̀ àgbo àkọ́kọ́ ló ń jà.

Ẹ máa bi mí pé, kí ló dé tí ẹ̀rí fi pọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Gìrì tí ibà ń fà máa ń mú ọmọ láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ẹ tó rí ìgò ṣí, ó ti ń lọ. Àgbo á wá gba ògo.

Lọ́dún tó kọjá, ní nǹkan bí aago kan òru, bàbá kan gbé ọmọ ọdún méjì wá kanlẹ̀kùn mi. Ìyá-àgbà ọmọ náà tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ máa gbàdúrà, kí n máa ṣe tèmi." Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, inú mọ́tò la ti máa gbàdúrà." Gìrì náà dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà. Ní ọsibítù, wọ́n rí ibà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Ilẹ̀ ń mọ́ nígbà tí màmá fohùn kékeré sọ fún mi pé, "Ọmọ mi kejì, irú àgbo yìí náà la fún un. Kò jí mọ́." Mi ò bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ṣì ń tọ́jú ìgò. Ohun tí ìyá wọn fi lé wọn lọ́wọ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó fún wọn ní òmíràn.

Òmíràn nìyí o, ẹ há a sórí. Tí gìrì bá mú ọmọ: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ tú aṣọ lọ́rùn rẹ̀, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ wo aago. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe òróró àdúrà tiwa. Ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Kódà tó bá ti dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, torí ibà lè ti wọ orí. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, eré tete ni.

Bákan náà ni ti ojú. Tí Àpólò bá dé, ẹ má tọ̀ sí ọmọ lójú. Kòkòrò inú ìtọ̀ lè ba ẹyinjú jẹ́.

Mo gbà pé ẹ̀mí òkùnkùn wà, mo sì ń lé wọn. Ṣùgbọ́n ibà ni ibà. Nígbà tí Hesekáyà ń ṣàìsàn, òun fúnra rẹ̀ gbàdúrà, Àìsáyà sì ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú eéwo rẹ̀. Wòlíì gidi kì í bá ìtọ́jú jà.

Mo mọ̀ pé àìlówó lọ́wọ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ yín padà sídìí ìgò. Nítorí náà, láti oṣù yìí, a ti ya owó kan sọ́tọ̀ nínú àpò ìrànlọ́wọ́ ìjọ fún ọmọdé tí gìrì bá mú, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ wa tàbí ti aládùúgbò. Ẹ pè mí, lóru, lọ́sàn-án. Ẹ pè mí kí ẹ tó ṣí ìgò.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ohùn yẹn ti dé. Ọmọ kankan kò ní kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní orúkọ Jésù. Ẹ jẹ́ kí àmín yín lágbára.