Nígbà Tí Ojúẹlẹ́gbà Wà Lábẹ́ Wa

Ẹni tó bá mọ Fádèyí mọ̀ pé títì Ìkòròdú ló là wá sí méjì: Muṣin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ṣómólú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Títì náà fúnra rẹ̀ tún pín. Ẹsípírẹ́ẹ̀sì wà láàárín fún ẹni tó ń sáré. Títì kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Àlàfo díẹ̀ ló wà tí mọ́tò lè gbà bọ́ láti inú ọ̀kan sí èkejì. Bí o bá kọjá tìrẹ, ó di ibi tí títì bá gbé ọ dé.

Èmi tí wọ́n bí sí Fádèyí, mo ní mo mọ àwọn àlàfo wọ̀nyí bí ẹní mowó.

Lóru ọjọ́ kan ní 1987, bàbá mi jí, kò lè gbé apá ọ̀tún mọ́, ẹnu rẹ̀ sì ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo sáré jáde, mo dá takisí dúró. Ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà là ń lọ. Kò jìnnà: ká gba ìsàlẹ̀ afárá Ojúẹlẹ́gbà, ká yà sọ́tùn-ún sí títì Ìṣàgá, ó parí.

Dẹ́rẹ́bà náà ti dàgbà. Títì ẹ̀gbẹ́ ló gbà, àmọ́ kòtò pọ̀ níbẹ̀, ó sì ń rọra lọ.

“Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ bọ́ sí ẹsípírẹ́ẹ̀sì! Ṣé ẹ ò rí bó ṣe ń mí ni?”

“Ọmọ mi, ẹsípírẹ́ẹ̀sì yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbo la ó ti jáde?”

Mo jágbe mọ́ ọn. Ó bọ́ sí i.

Títì dá, ọkọ̀ ń fò. Kí n tó ní “Ẹ yà,” afárá ti gbé wa sókè. Mo yọjú lójú fèrèsé: Ojúẹlẹ́gbà nìyẹn nísàlẹ̀, pẹ̀lú àtùpà àwọn olójà òru, ọ̀nà Ìdí-Àràbà nìyẹn, a ò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Ó di Western Avenue, lápá Pápá Ìṣeré, ká tó rí ibi yípo. Dẹ́rẹ́bà ò sọ̀rọ̀. Bàbá mi náà ò lè sọ̀rọ̀; ọwọ́ òsì rẹ̀ ló fi di tèmi mú.

Ó yè. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún yẹn ò bọ̀ sípò títí ó fi kú ní 1996. Dókítà ní ìṣẹ́jú tá a fi ṣòfò kò tó nǹkan. Lọ́sàn-án, mo gbà á gbọ́. Lóru, mo máa ń ka ìṣẹ́jú náà. N ò tilẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá onítakisí. Mo kówó fún un, mo sáré wọlé.

Lónìí, Western Avenue ti di Funsho Williams Avenue, mólúè ti lọ, bọ́ọ̀sì BRT sì ti ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ lórí títì Ìkòròdú láti 2008. Àwọn ọmọ mi náà ti ń wakọ̀, wọ́n a sì máa fi eré sísá yangàn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. N kì í bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe sáré tó. Ìbéèrè bàbá yẹn ni mo máa ń bi wọ́n: níbo lẹ ó ti jáde?