Ibà Tí Ó Fẹ́ Bá Wa Wọkọ̀ Lọ Sílé

Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí ìdílé tí ó bá ní ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn kọ ọ́ wá sínú ìwé ìrántí yìí, àwa tọkọtaya rí i pé ohun tí ojú wa rí ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 kò yẹ kí ó parí sínú ilé wa nìkan.

Gbogbo wa la mọ bí oṣù Kejìlá ṣe ń rí fún ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó wà lókè Ọya. A ti sanwó ọkọ̀ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún 13, ní orí ń fọ́ òun, ẹ̀yìn ẹyinjú ń ro òun, gbogbo oríkèé ara sì ń dun òun. Ara rẹ̀ gbóná bí iná. Àwa ní ibà ni. Ta ni kò mọ ibà? Wọ́n gún un níka ní kẹ́míìsì, àyẹ̀wò ní kò sí ibà. Síbẹ̀ a ra oògùn ibà, a sì ra Diclofenac kún un nítorí ara ríro. Àwa la béèrè fún un, a kò di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹnikẹ́ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, ara rẹ̀ tutù. A dúpẹ́, a di ẹrù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún gidigidi, ó ń bì léraléra, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní èrìgì rẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Ọ̀kan nínú wa ní ó rẹ̀ ẹ́ ni, yóò sùn nínú ọkọ̀. Èkejì ní òun kò lọ. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí rẹ̀. Hajiya tí ó múlé tì wá ló gbọ́ ohùn wa, ó wọlé, ó wo ọmọ náà, ó ní: "Baba, Mama, ẹ dákun, ẹ má gbé ọmọ yìí wọ mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọmọ àbúrò mi ṣe bẹ̀rẹ̀."

Ní ilé ìwòsàn, dókítà béèrè ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, ó sì ka ọjọ́ náà níka. Ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá di ọmọ náà lápá fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí ó tú u, àmì pupa wínníwínní ti yọ sí i lápá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí wọ́n ń pè ní platelet, ti wálẹ̀ sí 41,000, bẹ́ẹ̀ 150,000 sókè ló yẹ kí ó jẹ́. Ó ní ibà dengue ni òun fura sí.

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ tẹ̀lé e ni a kò lè gbàgbé. Ó ní kí a má yọ̀ pé ara tutù, nítorí ìgbà tí ibà yìí bá lọ sílẹ̀, láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje, ni ewu rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni omi inú ẹ̀jẹ̀ lè máa jò kúrò nínú iṣan lọ sínú ikùn àti àyà. Kò sí oògùn tí ń pa kòkòrò dengue. Omi àti ìṣọ́ra ni ìtọ́jú rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò dengue, ṣùgbọ́n wọn kò dúró de èsì. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n wọ̀n ọ́n níwọ̀n ara rẹ̀, nítorí bí omi bá kéré ewu ni, bí ó bá pọ̀ jù yóò wọ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ń wo ìfúnpá, ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tọ̀sán tòru. Wọ́n dá Diclofenac dúró, nítorí òun, aspirin àti ibuprofen lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Pàrásítámọ̀ nìkan ni wọ́n fún un.

Ọkọ̀ lọ láìsí wa. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ wa ní òun fẹ́ jẹ àmàlà. Ẹ̀rín àti ẹkún pa pọ̀ lójú wa.

Èsì dé pé dengue ni. Ní oṣù Kejìlá kan náà, àjọ NCDC kéde pé ènìyàn 71 ni wọ́n fura sí ní ìpínlẹ̀ Sókótó, 13 ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kú. Ibà yìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa: láàárín ọdún 1964 sí 1968 ni àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti rí kòkòrò rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn gbóná.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà tí a mọ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò. Bí ó bá ní kò sí ibà, ẹ béèrè ohun tí ó kù. Bí inú rírun, èébì tí kò dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu tàbí ní imú, tàbí àárẹ̀ púpọ̀ bá tẹ̀lé ara tí ó tutù, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ̀fọn tí ó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀ ló ń gbé e kiri, ọ̀sán ló sì máa ń jẹ ni. Nítorí náà kí aláìsàn sùn sábẹ́ àwọ̀n lọ́sàn-án pẹ̀lú. Inú omi tí a tọ́jú ni ó ń yé ẹyin sí. Àwa tí a ń pọnmi sínú dúrọ́ọ̀mù àti ìkòkò nítorí ọ̀wọ́n omi, ẹ jẹ́ kí a máa dé e, kí a sì máa fọ inú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́rin ni kòkòrò yìí. Ẹni tí ọ̀kan ti mú, òmíràn lè mú un, ẹlẹ́ẹ̀kejì sì lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹni tó bá wà láàyè ni ń lọ sílé ọdún. A kò ní fi ọmọ ṣòfò ní àjò o. Àṣẹ.