Àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá tí mo tà

Ìjẹ́wọ́ ni mo fẹ́ ṣe lónìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Nínú kíláàsì tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ohùn èdè ní Àgọ́-Ìwòyè, mo fi orin Hárúnà Ìṣọ̀lá sí i láti inú fóònù mi. Àwọn kan rò pé Músílíù ọmọ rẹ̀, tí ó kọ "Soyoyo", ni mo ń wí. Ọ̀kan nínú wọn wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìlù yẹn ń sọ níbẹ̀ yẹn?" Mo tẹ́tí. Mo dá orin náà padà, mo tún tẹ́tí. N kò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ì bá mọ̀ ọ́n.

Télọ̀ ni bàbá mi, ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó. Yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò sí ohun tí ó fẹ́ràn tó àwo àpàlà mọ́kànléláàádọ́ta tí ó tò sínú àpótí. "Baba Gani Àgbà" ni ó máa ń pe Hárúnà, bí ẹni pé agboolé kan náà ni wọ́n ti jáde. Ó kúkú jẹ́ ará ìlú wa.

Wọ́n bí Hárúnà ní 1919. Ní 1948 ó ṣe àwo àkọ́kọ́ fún ilé-iṣẹ́ HMV, àwo náà kò sì tà. Kò tìtorí bẹ́ẹ̀ jókòó sílé; òde ìnáwó kan sí òmíràn ni ó ń kọrin kiri. Nígbà tí Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, wàjà nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní àwọn ọdún 1950, orin tí ó kọ nípa ọba náà mú kí òkìkí rẹ̀ kàn sí i. Ní 1969, òun àti I.K. Dairo dá Star Records sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ àwo tí ó jẹ́ ti olórin fúnra rẹ̀. Ní 1971 ni "Oroki Social Club" jáde, èyí tí ó kọ fún ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo. (Òròkí ni oríkì Òṣogbo, mo máa ń fi èyí ṣe ìdánwò.)

Èyí tí ó wù mí jù ni ti 1979. Ó kọ́ sítúdíò ìgbohùnsílẹ̀ ìgbàlódé, Phonodisk. Kì í ṣe Èkó ni ó kọ́ ọ sí o, Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Síbẹ̀, ohun tí ó fẹ́ kí ẹ̀rọ olówó ńlá náà gbà sílẹ̀ kò yí padà: ìlù tí ń sọ̀rọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agídìgbo, àwọn elégbè, àti òun fúnra rẹ̀ lórí ìjókòó, tí kò kánjú. Àwọn onijùjú ti gba gìtá tipẹ́. Òun kò gbà á. Ọdún mẹ́rin péré ni ó lò sí i kí ó tó kú ní 1983.

Ìdí tí mo fi ń mú un wọ kíláàsì nìyí. Bí orin bá gbé ohùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ lọ sílẹ̀, ọkọ̀ a di ọkọ́. Àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀, tí a sì fi sórí ohùn orin òyìnbó, kún fún irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀. Ti Hárúnà kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá gbà ni orin ń gbà, nítorí náà ni ìlù fi lè gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ kí ó sì máa bá a lọ.

Bàbá mi kú ní 2010. Mo ń parí àpilẹ̀kọ fún oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́, owó sì ti tán lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin kan tí ń ra àwo àtijọ́ ti Èkó wá, mo sì ta gbogbo rẹ̀ fún un. Owó náà ni mo fi tẹ ìwé tí mo sì fi dì í. Orí odidi kan nínú ìwé náà ṣàlàyé bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ìyá mi kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Àkànní, o ti tà á tán?" Nígbà tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀, Abigi, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ó mú pálí àwo kan tí kò ní àwo nínú dání.

Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ni ó gbé mi dé Abigi. Ìyá mi yọ pálí náà lábẹ́ aṣọ. Bàbá mi ti fi pẹ́ńsù kọ ohun tí ìlù ń sọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé èkejì. Kò fi àmì ohùn kankan sí i. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí a lè kà lọ́nà mẹ́ta. Mo wá orin náà rí lórí fóònù, mo gbé e sún mọ́ etí ìyá mi.

Ó dijú. Nígbà tí ìlù dé ibẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Kò sí èyíkéyìí nínú mẹ́ta tí mo rò. Ó ní kí n tún un fi sí i, mo sì tún un fi sí i.