Lọ́ńdọ̀nù wọ́n bí ojú, ṣùgbọ́n igbó àti àgbọ̀nrín wọn, ọ̀fẹ́ ni!

Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin àárọ̀ kó lè rí bọ́ọ̀sì wọ̀ lọ sí Èkó, tó tún há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Kárà títí oòrùn fi là, kò sẹ́ni tó máa kọ́ irú wọn ní ìrìn àjò. Àmọ́ ìrìn àjò tá a fẹ́ sọ lónìí jìn ju Èkó lọ. Ìlú Ọba ni, Lọ́ńdọ̀nù tí gbogbo ayé ń pariwo.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ti àdúgbò wa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe olówó. Ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ bímọ sọ́hùn-ún ni, tí wọ́n ní kó wá bá àwọn gbọ́mọ jó. Olùkọ́ tó fi ọdún mẹ́ta dá àjọ ni. Bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni, tí àwọn ọmọ dáwó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún. Tí wọ́n bá débẹ̀ tán, ibi méjì péré ni wọ́n máa ń mọ̀: ilé tí wọ́n dé sí àti ọjà Peckham. Ẹ ní kí wọ́n jáde lọ ṣeré, wọ́n á ní owó dà? Bí wọ́n ṣe máa fi oṣù mẹ́ta jókòó síwájú tẹlifíṣàn nìyẹn, tí wọ́n á padà dé Mowe, tí wọ́n á máa sọ fáwọn ará ilé pé kò sí nǹkan kan ní Lọ́ńdọ̀nù ju òtútù lọ.

Irọ́ ni o! Nǹkan wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn igi, ẹyẹ, odò àti ẹran ìgbẹ́, tí kò sì lówó lọ́wọ́, ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn fún un ju olówó tó ń ná owó ní ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò owó

A ò ní tan yín, ìlú náà wọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n sọ owó físà àbẹ̀wò olóṣù mẹ́fà di £127. Ní àárín ọdún náà, pọ́n-ùn kan tó nǹkan bíi ₦2,000. Ìyẹn ni pé owó tó lé ní ₦250,000 ti lọ kí èèyàn tó gbọ́ òórùn bàálù. Tí wọ́n bá sì ní àwọn ò fún un ní físà, wọn kì í dá owó náà padà. Nítorí náà, tí èèyàn bá ní ẹbí níbẹ̀, kó má wulẹ̀ ronú kan òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí kò ní ẹnì kankan, kó wá àwọn ilé tí wọ́n ti ń háyà bẹ́ẹ̀dì nìkan, táwọn àlejò mẹ́rin sí mẹ́jọ jọ ń sùn nínú yàrá kan. Oúnjẹ ńkọ́? Ilé ni kẹ́ ẹ ti sè é. Ìrẹsì Ọ̀fàdà nínú kúlà, tíì nínú fúláàsìkì, ó parí.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló yẹ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ yá, àmọ́ ó ń jẹ owó. Bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì ni tiyín. Ní ọdún 2025, £1.75 ni owó bọ́ọ̀sì, ibi yòówù kẹ́ ẹ máa lọ. Tẹ́ ẹ bá sì tún wọ òmíràn kí wákàtí kan tó pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ wọ àkọ́kọ́, wọn ò ní gba owó mìíràn. Ní ọdún 2025 náà, ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì nìkan látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bó ṣe wù kó pọ̀ tó, kò san ju £5.25 lọ lójúmọ́. Kò sí kọ́ńdọ̀ tó máa pariwo pé kẹ́ ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o. Láti ọdún 2014 ni wọn kò ti gba owó lọ́wọ́ mọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Káàdì báńkì tàbí fóònù lẹ máa fi kan ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ẹ gòkè, kẹ́ ẹ jókòó níwájú pátápátá. Lójú tiwa, ìran tó wà níbẹ̀ ju owó bọ́ọ̀sì náà lọ.

Àsìkò tó dára jù ni oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ fi ń kọjá. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ ti mọ̀ pé Ìṣáì máa pẹ́ nìyẹn. Kẹ́ ẹ ṣáà mú agbòjò àti súwẹ́tà dání, ojú ọjọ́ ibẹ̀ kì í dúró sójú kan.

Páàkì tí kò ní agbèrò

Páàkì tá a fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí táwọn agbèrò ti ń gba owó o. Ọgbà ńlá ni, tí igi, koríko àti omi wà nínú rẹ̀. Mẹ́jọ lèyí tó jẹ́ ti Ọba nínú wọn, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọ gbogbo wọn. Hyde Park tó wà láàárín ìlú, ọwọ́ àwọn àlùfáà Westminster ni Ọba Henry Kẹjọ ti gba ilẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1536, kó lè máa ṣọdẹ àgbọ̀nrín níbẹ̀. Ọdún 1637 ni Ọba Charles Kìn-ín-ní ṣí i fún aráàlú. Ní St James's Park, nítòsí ààfin Buckingham, ẹyẹ òfú wà níbẹ̀, ẹyẹ ńlá tó ní àpò lábẹ́ àgógó. Ọdún 1664 ni ikọ̀ ọba Rọ́ṣíà fi àwọn àkọ́kọ́ ta ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ, wọ́n sì ń sin wọ́n níbẹ̀ títí dòní.

Ọ̀kẹ́rẹ́ máa wá bá yín ní ìdí igi bíi pé ẹ jẹ ẹ́ lówó. Àwọn ẹyẹ aláwọ̀ ewé tó jọ ayékòótọ́ máa ń pariwo kọjá lókè. Lálẹ́, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á máa rìn ní títì, á máa tú ike ìdọ̀tí, kò ní sá fún ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo lẹ lè lọ, ẹ lọ sí Richmond Park. Éékà 2,500 ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilẹ̀ rí, ẹ mọ̀ pé éékà kan tó pulọ́ọ̀tì mẹ́fà, ìyẹn bíi pulọ́ọ̀tì 15,000 níbi kan ṣoṣo, tí ọmọ onílẹ̀ kankan ò tíì gbé kánkéré wá síbẹ̀! Àgbọ̀nrín tó wà níbẹ̀ lé ní 600, wọ́n ń jẹko fàlàlà. Ẹ gbé ojú kúrò lára ọbẹ̀ o! Òfin wọn ni pé kí èèyàn jìnnà sí wọn tó mítà 50, kò sì gbọ́dọ̀ fún wọn lóúnjẹ. Ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, tí àwọn akọ bá ń jà nítorí abo, ẹ jìnnà sí wọn gan-an ni. Tẹ́ ẹ bá dé ibùdókọ̀ Richmond, bọ́ọ̀sì 371 tàbí 65 ló máa gbé yín sún mọ́ géètì.

Ọ̀fẹ́ yìí, ẹnì kan ló jà fún un

Ìtàn tó wà nídìí Richmond Park yìí ló dùn mọ́ wa jù. Ọba Charles Kìn-ín-ní kan náà ló mọ ògiri yí ilẹ̀ náà ká lọ́dún 1637, àmọ́ ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fáwọn ará àdúgbò láti máa gbà kọjá. Nígbà tó di ọdún 1751, wọ́n fi ọ̀gbà náà sábẹ́ ọmọọba obìnrin kan tó ń jẹ́ Amelia. Ó ti géètì pa! Ó ní àwọn tóun bá fún ní tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló lè wọlé.

Ọkùnrin kan tó ń pọn ọtí bíà tà ládùúgbò náà, John Lewis lorúkọ rẹ̀ (kì í ṣe John Lewis tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Oxford Street o), ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ẹ rò ó wò, olótìí àti ọmọ ọba! Lọ́dún 1758, ó jàre. Adájọ́ bi í pé ṣé ilẹ̀kùn ló fẹ́ kí wọ́n ṣe síbẹ̀ ni àbí àkàbà. Ó ní àkàbà ni, torí ó mọ̀ pé wọ́n lè fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣe àkàbà náà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n fi àgbà ṣe é, wọ́n jẹ́ kí ìgbẹ́sẹ̀ rẹ̀ jìnnà síra. John Lewis tún padà lọ bá adájọ́ pé àwọn ọmọdé àtàwọn arúgbó ò lè gùn ún, adájọ́ sì pàṣẹ kí wọ́n tún un ṣe. Nítorí akíkanjú yìí ni ìyá àgbà láti Ibafo ṣe lè wọ ibẹ̀ lónìí láìsan kọ́bọ̀.

Kì í ṣòun nìkan. Ní ìtòsí Peckham táwọn èèyàn wa pọ̀ sí, òkè kan wà ní Honor Oak tí wọ́n ń pè ní One Tree Hill. Bọ́ọ̀sì 63 máa gbé yín débẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù góòfù kan ló ṣọgbà yí òkè náà ká. Lọ́dún 1897, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aráàlú ya lọ síbẹ̀, wọ́n wó apá kan ọgbà náà lulẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ìjọba ìbílẹ̀ gba ilẹ̀ náà, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo èèyàn lọ́dún 1905. Tẹ́ ẹ bá dé orí rẹ̀, ẹ máa rí gbogbo ilé gogoro Lọ́ńdọ̀nù láìsanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sì tún gbọ́ èyí: ọdún 1897 yìí kan náà làwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ère àti idẹ ààfin Benin lọ. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Horniman tí kò jìnnà síbẹ̀, tí ọgbà òdòdó rẹ̀ náà jẹ́ ọ̀fẹ́, dá ẹ̀tọ́ lórí nǹkan 72 padà fún Nàìjíríà ní ọdún 2022.

Ní igbó Epping, lápá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ igi ìdáná ló dá wàhálà sílẹ̀. Àlùfáà ìjọ tó wà ní Loughton, tó tún jẹ́ onílẹ̀, fẹ́ ṣọgbà yí igbó ká. Mẹ̀kúnnù kan, Thomas Willingale, kò gbà. Lọ́dún 1866, wọ́n sọ àwọn ẹbí rẹ̀ sẹ́wọ̀n torí wọ́n lọ gé ẹ̀ka igi. Ó kú lọ́dún 1870, kò rí ìparí ẹjọ́ náà. Àmọ́ òfin jáde lọ́dún 1878 pé igbó náà di ti gbogbo aráàlú títí láé. Ó lé ní éékà 5,000 lónìí. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Chingford, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn wọ igbó.

Tiwa ńkọ́?

Ìdí tá a fi ròyìn gbogbo èyí nìyí. Ẹni tó bá ti gbé Mowe pẹ́ máa rántí pé igbó àti oko ni ọ̀nà Ọ̀fàdà. Lónìí, ẹ wá ibi tí ọmọdé ti lè jókòó sábẹ́ igi tí kì í ṣe inú ọgbà ilé olówó tàbí ilé ìjọsìn. Àwọn àbàtà odò Ògùn láti Ìṣẹ́rí títí dé apá Arepo àti Ibafo, ibẹ̀ ni omi máa ń sinmi sí tó bá kún, pàápàá tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983. A ń da yanrìn sí àbàtà, à ń kọ́lé sí i, tí omi bá wá bá wa ní pálọ̀, a máa ní ayé ń ṣe wá.

Ìpínlẹ̀ Ògùn kúkú ní igbó. Igbó Ọmọ tí erin ṣì wà nínú rẹ̀, ti wa ni. Àmọ́ ó jìnnà sí ẹni tó ń gbé Ifọ, tí ọjọ́ Sunday nìkan ló fi ń sinmi. Nítòsí ilé ni irú ọ̀fẹ́ tá à ń sọ yìí ti wúlò.

Ẹgbẹ́ àwọn onílé wa máa ń dáwó ra tiransífọ́mà, wọ́n máa ń dáwó san owó ọlọ́dẹ. Nínú pláànù ọ̀pọ̀ ẹ́síteeti, wọ́n máa ń ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún gbogbo èèyàn, kó tó di pé ẹnì kan dọ́gbọ́n tà á. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹnì kan dìde bi àwọn alága pé pulọ́ọ̀tì gbogboògbò tó wà nínú pláànù wa dà? Tó bá ṣì wà, ẹ gbin igi máńgòrò mẹ́ta síbẹ̀, kẹ́ ẹ to bẹ́ǹṣì sábẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá sì ti fẹ́ tà á, ẹ rántí olótìí Richmond: kò lọ́rọ̀ bí ọmọ ọba, àmọ́ ó mọ ọ̀nà ilé ẹjọ́.