Oṣù Mẹ́ta Àkọ́kọ́ Lórí Ìtọ́jú Hòmónù

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin arábìnrin mi, bí obìnrin bá bímọ, gbogbo ẹbí ni yóò gbọ́. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró, òun nìkan ni yóò máa bá a yí ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú hòmónù, nítorí pé àkókò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ oògùn nù.

Ọmọ ọdún 52 ni mí nígbà náà. Ìlú London ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ń ṣe. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo rí nǹkan oṣù kẹ́yìn. Ooru a máa mú mi lójijì bí ẹni tó jókòó ti àdògán, òógùn a máa rẹ aṣọ oorun mi, àyà mi a sì máa lù kì-kì-kì láìsí ẹni tó lé mi. Àníyàn tí n kò mọ orísun rẹ̀ ni mo fi ń jí láràárọ̀.

Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó béèrè bóyá a ní àrùn jẹjẹrẹ ọmú tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ìdílé wa, lẹ́yìn náà ló kọ oògùn méjì fún mi. Èkíní ni àlẹ̀mọ́ra pélébé tó ní ẹ́sítírójìn nínú, tí mo ń lẹ̀ mọ́ ìdí, tí mo sì ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èkejì ni purojẹ́sítírónì oníhóró tí mo ń gbé mì bí mo bá fẹ́ sùn. Ó ṣàlàyé pé bí obìnrin tó ṣì ní ilé ọmọ bá lo ẹ́sítírójìn nìkan, awọ inú ilé ọmọ lè nípọn ju bó ti yẹ lọ, jẹjẹrẹ sì lè ti ibẹ̀ wá. Oògùn kejì ló ń dáàbò bò ó.

Ohun tó kọ́kọ́ dé kì í ṣe ìtura. Ọmú mi le, ó sì ń ro mí débi pé n kò lè dojú bolẹ̀ sùn. Inú mi wú, orí ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo tún rí ẹ̀jẹ̀ tí mo ti dágbére fún. Ìpayà bò mí. Ní agogo mẹ́ta òru, mo tẹ́ ìwé inú páálí oògùn sílẹ̀, mo sì ń wá gbogbo ewu inú rẹ̀ lára mi. Bí ẹsẹ̀ bá ta mí, ẹ̀jẹ̀ ti dì nìyẹn. Bí àyà mi bá já, ikú ti dé nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè láti Ìbàdàn. Nígbà tí mo ní inú mi wú, ó dákẹ́ díẹ̀.

"Àbúrò mi, ṣé kì í ṣe oyún ìjù nìyẹn? Ṣé o ṣì ń sún mọ́ ọkọ rẹ?"

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ rí: wọ́n ní obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, tí kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ, inú rẹ̀ yóò wú. Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, oògùn ni, kì í ṣe ọkọ mi." A jọ rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ìrọ̀rí mi lọ sí yàrá kejì.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún mi. Ó ní, "Mọ́mì, adìẹ bà lókùn ni: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta." Ó sọ ìtàn ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ náà fún mi. Ní ọdún 2002, ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá apá kan ìwádìí Women's Health Initiative dúró ṣáájú àkókò, nítorí pé jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lo hòmónù méjèèjì pọ̀. Àfikún náà jẹ́ nǹkan bí obìnrin 8 nínú 10,000 lọ́dún kan. Oníhóró ni oògùn wọn, ọjọ́ orí wọn sì tó 63 ní ìpíndọ́gba. Ewu náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Ó fi kún un pé àlẹ̀mọ́ra kì í dá kún ewu ẹ̀jẹ̀ dídì bí ẹ́sítírójìn oníhóró ti ń ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra ìwé kékeré kan, tí mo là sí apá méjì. Ní apá kìíní ni ohun tí a lè fi sùúrù wò: ọmú ríro, inú wíwú, orí fífọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní apá kejì ni ohun tí kò gba sùúrù: ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń dunni, àyà dídùn, èémí tí kò délẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni èyí gbọ́dọ̀ gbé wa lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá pọ̀, tàbí tí kò dá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹni tí kò lo hòmónù rárá, tó sì rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá, kò gbọdọ̀ dúró rárá.

Ọ̀sán nìkan ni mo ń ka ìwé oògùn mọ́. N kò mu kọfí mọ́ lẹ́yìn agogo méjìlá ọ̀sán. Bí àyà mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù, mo ń jókòó, mo ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, mo ń fa èémí sínú dé oókan sí ẹẹ́rin, mo sì ń tú u jáde dé ẹẹ́fà. Mo ń kọ àkókò sílẹ̀. Nígbà tó yá, ìwé náà fi hàn mí pé kì í sábà pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo sì sọ ohun gbogbo fún ọkọ mi, títí kan ọ̀rọ̀ oyún ìjù. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìrọ̀rí mi padà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ẹ̀jẹ̀ dá, ọmú mi rọ̀, mo sì ń sun oorun tó gbádùn. Àníyàn kò tán pátápátá, àmọ́ mo ń mọ̀ ọ́n bó bá ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó kúrò níwájú dókítà, ẹ gba ọjọ́ tí ẹ ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ mú ìwé yín dání lọ. Bí oògùn náà kò bá bá ara yín mu, dókítà lè yí ìwọ̀n tàbí irú rẹ̀ padà. Ẹ má ṣe dá a dúró ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má sì ṣe fara da ìrora ní ìkọ̀kọ̀.