Òjò Ti Dá, Ẹ Jẹ́ Ká Bọ́ Síta

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má bínú bí mo bá fi ọ̀rọ̀ ilé ara mi bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn l'Ékòó. Mo ti kọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ti kọ nípa ìtọ̀ ṣúgà, mo sì ti gba àwọn arúgbó níyànjú pé kí wọ́n máa najú níta. Bẹ́ẹ̀ sì ni bàbá tó bí mi lọ́mọ jókòó sínú òkùnkùn yàrá kan ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, fún oṣù mẹ́rin gbáko, n kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i.

Apẹja ni bàbá mi. Ìlàjẹ ni, láti ẹsẹ̀ odò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ náà ni àdúgbò wa ń jẹ́. Ẹja inú ọ̀sà ló fi tọ́ mi, òun ló sì fi rán mi títí mo fi ka ìwé mẹ́wàá. Ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọlọ́run yọ ọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ òsì kò gbọ́ràn mọ́. Dókítà ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Bàbá ní òun ò rìn.

"Ṣé kí wọ́n wá máa wò mí bí mo ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ bí akàn?"

Bí a bá tún sọ ọ́, á ní òjò ń rọ̀, ẹrẹ̀ wà níta. Kò sì parọ́ o. Ẹni tó bá mọ Ìlàjẹ lásìkò òjò mọ̀ pé omi kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ká sòótọ́, àwáwí yẹn tẹ́ èmi náà lọ́rùn. Mò ń fi owó oògùn ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì gbà pé mo ti ṣe ojúṣe ọmọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, nígbà ìsinmi òmìnira, mo mú ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ kí i. Òjò ti ń dáwọ́ dúró. Ọmọ sá lọ sétí omi, ó sáré padà dé.

"Bàbá àgbà, ọkọ̀ wo ló ní aṣọ ìgbòkun tí wọ́n lẹ̀ lóríṣiríṣi yẹn?"

"Ibo ló dojú kọ? Ṣé ó ń bọ̀ ni, àbí ó ń lọ?"

Ọmọ ò lè ṣàlàyé. Bàbá bi í lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó pòṣé. Ó ní, "Ẹ gbé ọ̀pá yẹn fún mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé wa sí etí ọ̀sà kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Ó gbà wá tó ìdajì wákàtí. Nígbà tí a débẹ̀, Bàbá jókòó sórí àpótí kan, ó wo ọkọ̀ náà, ó ní àwọn tó ń wa iyanrìn ni. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan omi, ó tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ ti ń padà bọ̀," ló wí.

Ibẹ̀ ló ti wá ṣàlàyé ohun tí èmi akọ̀wé kò mọ̀. Lásìkò òjò, omi odò a rọ́ wọ inú ọ̀sà, a sì lé omi iyọ̀ sẹ́yìn. Bí òjò bá ti dá, òkun a tún gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé. Iyọ̀ yẹn ló ń pa ewéko tó ń léfòó, èyí tó kọ́kọ́ wọ omi ilẹ̀ wa ní nǹkan bí ọdún 1984, tó sì ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ apẹja. Bàbá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ju èyí tó ti sọ ní oṣù mẹ́rin lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń mú un jáde láàárọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ tí oòrùn ń yọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń sùn dáadáa lóru. Kì í ṣe idán. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́, òun náà ló sì ń jẹ́ kí oorun wá lásìkò lálẹ́. Oòrùn ń bá awọ ara pèsè fítámì D tó ń mú eegun le, àwa aláwọ̀ dúdú sì nílò rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ ju òyìnbó lọ. Àjọ ìlera àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020, ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ rìn tàbí ṣe iṣẹ́ tó ń mú èèyàn mí, kódà àwọn tó ní àìlera gẹ́gẹ́ bí agbára wọn bá ṣe mọ. Ní Japan, láti ọdún 1982 ni ìjọba ti ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa lọ gbatẹ́gùn nínú igbó. Àwa ò ní igbó ní Ìlàjẹ, ṣùgbọ́n a ní ọ̀sà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Bàbá ò fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. A kì í jókòó síbi tí èéfín ẹja yíyan ń fẹ́ sí. Bí ọyẹ́ bá dé, tó gbé eruku aṣálẹ̀ dání, a máa ń fi òrí pa á lára, lọ́jọ́ tí eruku bá sì pọ̀ jù, ilé là ń gbé. Ẹni tó ní ásímà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ òsì ṣì ń wọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ogójì ìṣísẹ̀ yẹn kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti ń gbé àwọ̀n tó ya wá fún un láti tún ṣe, nítorí ọwọ́ ò ṣàìsàn.

Láti ibi tó ń jókòó, a máa ń rí afárá Third Mainland. Mọ́tò tò lórí rẹ̀ bí ìjàlọ, gbogbo wọn kọjú síwájú, kò sẹ́ni tó wo omi. Èmi náà ti wà nínú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ní arúgbó nílé, òjò ti dá. Owó oògùn dára, ẹ má dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹ lọ gbé ọ̀pá fún wọn.