Ó Ti Pẹ́ Jù?

Ẹni ogójì ọdún á jókòó, á ní ayé ti kọjá lára òun, pé ohun tí òun kò bá tíì ṣe, òun kò lè ṣe é mọ́. Mo máa ń fẹ́ bi irú wọn pé: ṣé ẹ mọ Bàbá Bísí Àkàndé, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún?

1939 ni wọ́n bí Bàbá. Wọ́n ṣe tíṣà, wọ́n ṣe akáùntáǹtì. Wọ́n di igbákejì gómìnà Ọ̀yọ́ nígbà tí Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà. Àwọn ológun gbàjọba ní ìparí 1983, wọ́n sì ju Bàbá sẹ́wọ̀n. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni wọ́n nígbà tí wọ́n di gómìnà Ọ̀ṣun ní 1999. Ní 2003, wọ́n fìdí rẹmi nínú ìbò. Ẹlòmíràn ì bá lọ máa mu ẹmu lábẹ́ igi títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ṣùgbọ́n ní 2013, Bàbá ni alága fìdíhẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ òṣèlú APC. Ìwé ìtàn ayé wọn, My Participations, jáde ní 2021, nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 82.

N kò ní kí ẹ fara mọ́ òṣèlú wọn o. Èmi náà ní àríwísí tèmi. Ṣùgbọ́n èrò rere nìkan kọ́ ló gbé wọn débẹ̀. Kí a jí láàárọ̀, kí a ní "yóò dára," kí a tún padà sùn, ẹnu lásán nìyẹn; ìgbésẹ̀ ló ń gbéni débi gíga. Ẹ̀yin tí ọjọ́ orí ń dẹ́rù bà láti gba fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Ìlá, ìlú Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ gbà á.